Ológbò tó ń ṣeré lálẹ́ àná, kí ló dé tó dùbúlẹ̀ láàárọ̀?

Ìyá kan ní Òkèlérìn, níbí ní Ògbómọ̀ṣọ́, ló pè mí lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ológbò méjì ló ní. Èyí àgbà jẹ ẹja tán lálẹ́ ọjọ́ Ajé, ó sì sùn sí kíṣìnnì bó ti máa ń ṣe. Kí ilẹ̀ tó mọ́, itọ́ ti ń dà lẹ́nu rẹ̀, ara rẹ̀ ń gbọ̀n. Nígbà tó fi máa di aago mẹ́sàn-án, ó ti kú. Èyí kékeré ká jọ sí kọ̀rọ̀, kò fẹ́ jẹun. Àwọn ará ilé ti dá ẹjọ́ náà tán: ẹnì kan ní aládùúgbò ló fún un ní májèlé, ẹlòmíràn ní ológbò kì í kú lásán, pé ikú tó ń bọ̀ wá bá ẹnì kan nínú ilé ló fi orí ara rẹ̀ gbà. Ìyá náà ń sunkún lórí fóònù. Ohun tó fẹ́ mọ̀ ni ohun tó ṣẹlẹ̀ gan-an, kí èyí tó kù má bàa bá èkejì rẹ̀ lọ.

Mo kọ àwọn ìbéèrè rẹ̀ sílẹ̀, mo sì fi àwọn tí àwọn mìíràn ti bi mí nídìí iṣẹ́ ìtọ́jú ẹranko kún un.

Níbo lèèyàn ti máa bẹ̀rẹ̀ sí í wá ìdí rẹ̀?

Ìdí aago ni. Kí ẹ tó béèrè pé ta ni, ẹ béèrè pé nígbà wo. Ìgbà wo lẹ rí i kẹ́yìn tí ara rẹ̀ yá? Ìgbà wo ló jẹun kẹ́yìn tó jẹ ẹ́ tán? Ìgbà wo ló tọ̀, ìgbà wo ló yàgbẹ́? Kí ló wọlé yín láàárín ọjọ́ márùn-ún sẹ́yìn tí kò sí níbẹ̀ tẹ́lẹ̀: òògùn, oúnjẹ tuntun, ọ̀dà, ẹran mìíràn? Ẹ kọ ọ́ sórí ìwé kí ẹ tó gbàgbé, torí ìbànújẹ́ máa ń da wákàtí pọ̀ mọ́ra lórí èèyàn.

Àwọn àgbà ní àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí, ta ni kò mọ̀ pé àjẹ́ àná ló pa ọmọ jẹ. Bí ọ̀rọ̀ bá kan ológbò, òwe yìí lè ṣì wá lọ́nà, nítorí ohun tó pa á lónìí lè ti wọ inú rẹ̀ kí àná tó dé. Irú òògùn eku kan wà tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì. Ológbò tó kó o jẹ lọ́jọ́ Àìkú lè máa sáré kiri títí di Ọjọ́rú kí ẹ̀jẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í ya sínú àyà tàbí ikùn rẹ̀. Nígbà yẹn, ẹ ti gbàgbé ọjọ́ Àìkú pátápátá, ẹni tó kí yín lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun lẹ ń fura sí. Irú mìíràn, èyí tó ní zinc phosphide nínú, kì í ju wákàtí díẹ̀ lọ kó tó fara hàn. Òògùn apakòkòrò lè bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan tàbí wákàtí mélòó kan. Fáírọ́ọ̀sì tó máa ń pa àwọn ọmọ ológbò ní tirẹ̀ máa ń gba ọjọ́ bíi méjì sí mẹ́wàá lẹ́yìn tó bá ti wọ ara.

Ohun kan tún wà tó ń da ọ̀rọ̀ rú. Ológbò máa ń fi àìsàn pamọ́. Ẹran tó ń pa ẹran jẹ ni, àwọn ẹran mìíràn sì lè pa òun náà jẹ, nítorí náà kì í fẹ́ kí wọ́n rí àìlera rẹ̀. Kíndìnrín rẹ̀ lè ti máa bàjẹ́ fún oṣù mélòó kan, kó ṣì máa fò gun fèrèsé. Ọjọ́ tí kò lè fi pamọ́ mọ́ la máa ń pè ní òjijì.

Ṣé aládùúgbò ló fún un ní májèlé lóòótọ́?

Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ wo inú ilé tiyín. Ògbómọ̀ṣọ́ Ajílété la wà yìí, níbi tí wọ́n ti ń jẹ ọkà kí wọ́n tó mu ẹ̀kọ yangan. Ilé tí láfún àti yangan bá wà lápò, eku ò ní jìnnà síbẹ̀. Ibi tí eku bá wà, ẹnì kan á ra òògùn eku bọ̀ láti ọjà. Eku tó jẹ májèlé kì í sábà kú lójú ẹsẹ̀. Á máa wọ́ra rìn, kò ní lè sá, irú eku bẹ́ẹ̀ gan-an ló sì rọrùn jù fún ológbò láti mú. Kò sẹ́ni tó fún un ní nǹkan kan. Iṣẹ́ tí a torí rẹ̀ mú un wá sílé ló ń ṣe.

Lẹ́yìn òògùn eku, ọ̀tápíàpíà ló ń bà mí lẹ́rù jù, àti àwọn òògùn aáyán tó fara pẹ́ ẹ. Dichlorvos ló wà nínú púpọ̀ wọn. Ní 2019, àjọ NAFDAC fòfin de títa á nínú ìgò kékeré, láti 100ml wálẹ̀, nítorí jàǹbá tó ń ṣe fáwọn èèyàn. Síbẹ̀ ó ṣì wà nínú ọ̀pọ̀ ilé, àwọn kan sì ń wọ́n ọn sí ẹ̀wà kí kòkòrò má bàa jẹ ẹ́. Kò dìgbà tí ológbò bá mu ún. Ó rìn kọjá lórí ilẹ̀ tí wọ́n fọ́n ọn sí, ó jókòó, ó bẹ̀rẹ̀ sí í lá àtẹ́lẹsẹ̀ àti irun ara rẹ̀ bó ti máa ń ṣe lójoojúmọ́. Ó ti gbé e mì nìyẹn. Itọ́ á máa dà ṣùrùṣùrù, ọmọ ojú rẹ̀ á sún kì bí orí abẹ́rẹ́, á máa bì, á tọ̀ sára, iṣan ara rẹ̀ á máa fò, èémí á wá di iṣẹ́.

Mo bi ìyá Òkèlérìn bóyá ẹnikẹ́ni fọ́n nǹkan sílé lọ́jọ́ Ajé. Ó ní rárá. Mo ní kó bi àwọn ọmọ. Ó fi fóònù sílẹ̀ fúngbà díẹ̀, ó sì padà dé pẹ̀lú ohùn mìíràn: ọmọ rẹ̀ ọkùnrin fọ́n òògùn aáyán sábẹ́ kọ́bọ́ọ̀dù kíṣìnnì ní nǹkan bí aago méje alẹ́ ọjọ́ náà. Mo sọ fún un pé kó má bínú sí ọmọ náà. Aáyán ló ń bá jà, kò mọ̀.

Òògùn ìfọlẹ̀ náà wà níbẹ̀, èyí tó máa ń funfun bíi mílíìkì tí a bá dà á sómi. Ológbò kò lè fara da irú kẹ́míkà inú rẹ̀. Bí ẹ bá ti fi fọ ilẹ̀, ẹ fi omi lásán ṣan án, kí ilẹ̀ sì gbẹ kí ológbò tó tẹ̀ ẹ́.

A ti bu epo pupa sí i lẹ́nu. Ṣé ó dáa bẹ́ẹ̀?

Rárá o. Mo mọ̀ pé ohun tí gbogbo wa bá nílé ni, epo ni ìyá wa máa ń sá lọ bá bí ọ̀rọ̀ májèlé bá dé. Ṣùgbọ́n ológbò tó ń gbọ̀n kò lè gbé nǹkan mì dáadáa. Epo á gba ọ̀nà ọ̀fun lọ sínú ẹ̀dọ̀fóró, ìyẹn nìkan sì tó pa á. Bákan náà ni mílíìkì tí a bá fipá dà sí i lẹ́nu, bákan náà ni omi iyọ̀ tí a fi ń mú un bì.

Ohun tó yẹ: ẹ gbé e kúrò níbi tí òògùn wà, síbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́. Tí nǹkan náà bá wà lára irun rẹ̀, ẹ fi ọ̀rá bọ ọwọ́, kí ẹ fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ àti ọṣẹ tí kò le wẹ̀ ẹ́, kí ẹ nù ún gbẹ. Lẹ́yìn náà, ọ̀dọ̀ dókítà ẹranko ló kàn. Abẹ́rẹ́ atropine wà fún òògùn kòkòrò irú èyí, Vitamin K sì wà fún òògùn eku tí kì í jẹ́ kẹ́jẹ̀ dì. Ẹ ò rí i pé òògùn wọn ò jọra? Ìdí nìyí tí mo fi ń tẹnu mọ́ mímọ ohun tó jẹ.

Ara rẹ̀ gbóná, mo sì fún un ní ìdajì parasitamọ́ọ̀lù.

Èmi náà ṣe é rí. Mo ṣì wà ní sẹ́kọ́ńdìrì nígbà náà. Ológbò mi kò jẹun fún ọjọ́ kan, mo lọ parasitamọ́ọ̀lù, mo pò ó mọ́ ẹja. Mo rò pé mò ń tọ́jú rẹ̀ ni. Títí dòní, bí mo bá rántí ojú rẹ̀ tó wú, inú mi kì í dùn.

Ẹ̀dọ̀ ológbò kò ní agbára kan tí ẹ̀dọ̀ tiwa ní. Àwa lè so parasitamọ́ọ̀lù mọ́ nǹkan mìíràn nínú ẹ̀dọ̀, ká sì tọ̀ ọ́ dànù. Ológbò kò fẹ́rẹ̀ẹ́ lè ṣe ìyẹn rárá, nítorí náà òògùn náà á di májèlé nínú ara rẹ̀, á sì ba ẹ̀jẹ̀ jẹ́ títí ẹ̀jẹ̀ ò fi ní lè gbé atẹ́gùn mọ́. Ẹ ṣí ètè rẹ̀: erìgì tó yẹ kó pọ́n rẹ́súrẹ́sú á ti pàwọ̀ dà, á dà bí ṣokoléètì tàbí kó dúdú bí ẹni pé ó ń ṣú. Ojú àti ọwọ́ rẹ̀ lè wú. Hóró kan péré, 500mg, lè pa ológbò. Òògùn rẹ̀ wà, acetylcysteine ni, ṣùgbọ́n wákàtí díẹ̀ àkọ́kọ́ ló dára jù láti fún un. Àìlera ẹ̀dọ̀ yìí kan náà ló fà á tí òògùn eégbọn ajá tó ní permethrin fi ń mú ológbò ní gìrì. Ohun tí a fi sára ajá, ẹ má fi sára ológbò.

Akọ ni tèmi. Ó ń lọ jókòó bí ẹni fẹ́ yàgbẹ́, ó ń fipá tì í, ó ń ké.

Ó lè má jẹ́ ìgbẹ́. Ìtọ̀ lè ti dí. Ọ̀nà ìtọ̀ akọ ológbò tín-ín-rín, òkúta kékeré tàbí ìdọ̀tí bíi iyanrìn lè dí i pa. Ẹ rọra fọwọ́ kan ìsàlẹ̀ ikùn rẹ̀. Bí ó bá le bí ọsàn, tó sì ń ké, ẹ gbéra. Láàárín ọjọ́ méjì sí mẹ́ta, ohun tó yẹ kó tọ̀ dànù á pa á. Ẹ má fún un ní àgbo inú kíkún.

Ọmọ ológbò mẹ́ta ló kú láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Ṣé wọ́n ń gbógun ti ilé wa ni?

Ohun tó ń ṣe Abọ́yadé, gbogbo ọlọ́ya ló ń ṣe. Bó bá jẹ́ pé àwọn ọmọ ló ń kú tẹ̀léra, pẹ̀lú èébì, ibà, ìgbẹ́ gbuuru àti ìrẹ̀wẹ̀sì, tí ìyá wọn ò sì ní nǹkan kan, àrùn panleukopenia ni màá kọ́kọ́ fura sí. Fáírọ́ọ̀sì ni, ó máa ń pa èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn ọmọ tí a ò tọ́jú. Kì í ran èèyàn. Ó lè wà nílẹ̀, lára àwo, lára ẹní fún nǹkan bí ọdún kan, nítorí náà ẹ má sáré mú ọmọ tuntun wálé láti fi rọ́pò. Ẹ po bílíìsì, ìwọ̀n kan sí 32 omi, kí ẹ fi fọ ibi gbogbo, kó wà níbẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀ wà, ọmọ ológbò lè bẹ̀rẹ̀ sí í gbà á láti ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́jọ.

Ṣé oúnjẹ lè fà á?

Ó lè fà á dáadáa, ìgbà mìíràn sì wà tó jẹ́ pé ológbò ló ń kìlọ̀ fún èèyàn. Ní ìlú Minamata, ní orílẹ̀-èdè Japan, láàárín ọdún 1950 sí 1960, àwọn ológbò etí òkun bẹ̀rẹ̀ sí í fò bí ẹni ń jó, wọ́n ń ṣubú, wọ́n ń kú. Ẹja ni wọ́n ń jẹ. Ní 1956 ni wọ́n kéde pé irú àìsàn kan náà ti ń mú àwọn èèyàn. Mákúrì tí ilé-iṣẹ́ kẹ́míkà kan ń dà sómi ló wọ inú ẹja. Ní 1959, Dókítà Hajime Hosokawa, tó ń ṣiṣẹ́ nílé ìwòsàn ilé-iṣẹ́ náà gan-an, po omi ìdọ̀tí ibẹ̀ mọ́ oúnjẹ ológbò kan, ológbò náà sì ṣàìsàn kan náà. Ilé-iṣẹ́ náà kò jẹ́ kí ayé gbọ́, ọdún 1968 ni wọ́n tó ṣíwọ́ dída ìdọ̀tí náà sómi.

Èyí tó sún mọ́ wa jù ni ti orílẹ̀-èdè Poland. Ní oṣù kẹfà 2023, àwọn ológbò inú ilé bẹ̀rẹ̀ sí í kú níbẹ̀ káàkiri, wọn ò lè mí dáadáa, gìrì ń mú wọn. Àwọn mìíràn nínú wọn kì í jáde nílé rárá. Nígbà tí wọ́n yẹ ara ẹran 47 wò, wọ́n rí H5N1, ọ̀fìnkìn àwọn ẹyẹ, lára 29. Ẹran adìyẹ tútù tí àwọn kan fún wọn jẹ wà lára ohun tí wọ́n fura sí. Nàìjíríà mọ àrùn yìí: àwa la kọ́kọ́ kéde rẹ̀ ní Áfíríkà, ní 2006, nínú oko adìyẹ kan ní ìpínlẹ̀ Kàdúná. Nítorí náà, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń sin adìyẹ, ẹ jọ̀ọ́, adìyẹ tó kú fúnra rẹ̀ kì í ṣe oúnjẹ ológbò. Ẹ sin ín.

Ó ń bínú, ó sì ti gé ẹnì kan jẹ.

Ẹ ronú kan dìgbòlugi. Ẹ fi ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn fọ ojú ọgbẹ́ fún ìṣẹ́jú 15, kí ẹni náà lọ sílé ìwòsàn gba abẹ́rẹ́ lọ́jọ́ náà gan-an. Bí àmì dìgbòlugi bá ti yọ lára èèyàn, kò sí ìwòsàn tó ṣeé gbọ́kàn lé mọ́.

Ta la máa gbé e lọ bá, kí la sì máa kó dání?

Bí dókítà ẹranko bá wà ládùúgbò, ẹ bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀. Bí àyẹ̀wò bá ju agbára rẹ̀ lọ, Yunifásítì Ìlọrin ní ilé ìwòsàn ẹranko, Ìlọrin sì sún mọ́ Ògbómọ̀ṣọ́ ju Ìbàdàn lọ. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní ìlú Ọ̀yọ́, ti Yunifásítì Ìbàdàn ló yá fún yín. Ẹ mú ìwé tẹ́ ẹ kọ wákàtí sí dání, àti páálí tàbí ìgò òògùn tẹ́ ẹ fura sí, àti èébì rẹ̀ nínú ọ̀rá. Fídíò orí fóònù náà wúlò, torí gìrì lè ti dáwọ́ dúró kí ẹ tó débẹ̀.

Bí ó bá ti kú, ẹ má yára sin ín bí ológbò mìíràn bá wà nílé. Ẹ fi ọ̀rá méjì wé e, ẹ gbé e sórí yìnyín nínú kúlà, ẹ má sì jẹ́ kó dì gbagidi, kí ẹ gbé e lọ kí ọjọ́ kan tó pé. Wọ́n lè là á, kí wọ́n yẹ inú àti ẹ̀dọ̀ rẹ̀ wò.

Ìyá Òkèlérìn ti sin èyí àgbà sídìí máńgòrò kó tó pè mí. Ó wẹ èyí kékeré lọ́sàn-án ọjọ́ náà, ó gbé e sínú apẹ̀rẹ̀, ó wọ mọ́tò Ìlọrin, ìgò òògùn aáyán náà sì wà nínú àpò rẹ̀.