Ihò Àlọ àti Ihò Àbọ̀: Bí Ẹ̀rọ Ẹ́kò Ṣe Di Ohun Tí A Ń So Mọ́ Míkísà

Ẹnikẹ́ni tó bá ti jókòó ti míkísà, ẹ̀rọ tí a fi ń po ohùn olórin àti ti ìlù pọ̀, lóde àríyá ní Ìjẹ̀bú-Òde tàbí ní Ṣàgámù yóò ti rí ihò méjì kan tí wọ́n kọ Aux Send àti Aux Return sí lára. Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ kì í pè wọ́n bẹ́ẹ̀. Ihò àlọ àti ihò àbọ̀ ló ń pè wọ́n, orúkọ náà sì bá ìtàn wọn mu gan-an. Nígbà kan rí, ńṣe ni ohùn máa ń kúrò nínú míkísà lóòótọ́, tí yóò gba inú wáyà lọ sí yàrá mìíràn, tí yóò ké níbẹ̀, kí ó tó gba wáyà mìíràn padà wá.

Yàrá náà ni ẹ̀rọ ẹ́kò àkọ́kọ́, ìyẹn ohun tó ń mú kí ohùn máa dún padà lẹ́yìn tó bá ti jáde. Láti àwọn ọdún 1930 ni àwọn ilé-iṣẹ́ rédíò àti ti ìgbohùnsílẹ̀ lókè òkun ti ń ya yàrá kan sọ́tọ̀ tí ògiri rẹ̀ le, tí kò sí aṣọ tàbí tìmùtìmù nínú rẹ̀ tí yóò fa ohùn mu. Wọn a gbé sípíkà sí igun kan, wọn a gbé máìkì sí igun kejì. Ẹni tí ìtàn rẹ̀ wá tàn kálẹ̀ jù ni Bill Putnam, tó ni sítúdíò Universal Recording ní Chicago. Ní ọdún 1947, nígbà tó ń gba orin Peg o' My Heart sílẹ̀ fún ẹgbẹ́ olórin Harmonicats, balùwẹ̀ sítúdíò náà ló sọ di yàrá ẹ́kò. (Balùwẹ̀ páànù tó wà lẹ́yìnkùlé ilé wa kì bá tí ṣe é, ògiri líle ni iṣẹ́ yẹn ń fẹ́.)

Lójú tèmi, balùwẹ̀ kọ́ ni olórí ọ̀rọ̀ níbẹ̀ bí kò ṣe ìwọ̀n. Bí gbogbo ohùn bá jọ lọ sínú yàrá bákan náà, gbogbo wọn ni yóò jọ dàrú. Ohun tó yanjú ọ̀rọ̀ náà ni pé wọ́n fi nọ́ọ̀bù kékeré sí ṣánẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan, ìyẹn ojú ọ̀nà tí ohùn kọ̀ọ̀kan ń gbà wọ míkísà, tí ẹni tó jókòó ti míkísà yóò fi sọ pé kí ohùn olórin lọ púpọ̀, kí ti ìlù lọ díẹ̀, kí ti agogo má tilẹ̀ lọ rárá. Putnam sì wà lára àwọn tó sọ ètò yìí di ara míkísà. Àwọn oníṣẹ́ ń pe ọ̀nà tí àwọn ohùn náà jọ ń gbà lọ ní bọ́ọ̀sì, ó sì jọ bọ́ọ̀sì lóòótọ́, nítorí pé ó ń gbé èrò ní ibùdókọ̀ kọ̀ọ̀kan kó tó forí lé ibì kan ṣoṣo.

Ní ọdún 1957, ilé-iṣẹ́ EMT ní Jámánì gbé irin pẹlẹbẹ kan jáde, EMT 140, tó fẹ̀ tó mítà kan, tó sì gùn tó mítà méjì, tí wọ́n fi sípíríǹgì so rọ̀ sínú àpótí ńlá; ohùn a mú irin náà gbọ̀n, ìgbọ̀n náà ni yóò sì di ẹ́kò. Ó wúwo ju àpò sìmẹ́ǹtì márùn-ún lọ, síbẹ̀ kò gba odindi yàrá mọ́. Míkísà kò yí padà nítorí rẹ̀: wáyà tó ń lọ sí yàrá ni wọ́n gbé lọ sára irin.

Ọ̀rọ̀ náà kan Ìjẹ̀bú gbọ̀ngbọ̀n ní ọdún 1979, nígbà tí Hárúnà Ìṣọ̀lá, àgbà ọ̀jẹ̀ olórin àpàlà, dá sítúdíò Phonodisk sílẹ̀ ní Ìjẹ̀bú-Igbó, sítúdíò olójú ọ̀nà 24, tó lè gba ohùn mẹ́rìnlélógún sílẹ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Níbi tí ọ̀nà bá ti pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, a lè gba àgídìgbo, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ àti ohùn sílẹ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ láìsí ẹ́kò kankan, kí a tó wá pinnu lẹ́yìn náà èwo ni a ó rán jáde. Àpàlà kò sì fẹ́ ẹ́kò púpọ̀. Bí ìlù bá ti ń fà wúyẹ́wúyẹ́, a kò ní gbọ́ ohun tó ń sọ mọ́.

EMT kan náà ló gbé ẹ̀rọ ẹ́kò onínọ́ńbà, èyí tó ń fi ìṣirò nọ́ńbà ṣe ẹ́kò, jáde ní 1976, EMT 250. Nígbà tó fi máa di àárín àwọn ọdún 1980, irú SPX90 ti Yamaha ti dé, èyí tí ènìyàn lè gbé sí abíyá. Báyìí ni ẹ́kò ṣe kúrò ní sítúdíò, tó bọ́ sọ́wọ́ àwa tí a ń háyà ẹ̀rọ fún òkú àgbà àti ìgbéyàwó.

Ibẹ̀ náà ni mo ti jẹ ìyà rẹ̀. Ní gbọ̀ngàn kan ní Ìjẹ̀bú-Òde, mo fi wáyà àbọ̀ sí ṣánẹ́ẹ̀lì lásán kí n lè rí fádà, ohun tí a ń tì sókè sódò láti fi ohùn kún tàbí dín in kù, fi darí rẹ̀, ṣùgbọ́n mo gbàgbé pé ṣánẹ́ẹ̀lì náà ní nọ́ọ̀bù Aux tirẹ̀, ó sì ṣí sílẹ̀. Ohùn tó ti ibẹ̀ dé tún padà lọ, ó lọ, ó bọ̀, títí sípíkà fi ń han gooro tí ìyàwó sì di etí méjèèjì. Ọ̀gá mi nawọ́ kọjá èjìká mi, ó yí nọ́ọ̀bù náà wálẹ̀ pátápátá, kò sì bá mi sọ̀rọ̀ títí a fi palẹ̀ mọ́.

Míkísà tí mo ń lò báyìí ní ẹ́kò nínú ara rẹ̀, n kò sì fi wáyà kankan so ó mọ́ ibì kan mọ́, ṣùgbọ́n Send ni wọ́n ṣì kọ sí ara nọ́ọ̀bù tó ń gbé ohùn lọ síbẹ̀.