Kí ló ń jẹ́ factor, kí ló ń jẹ́ perimeter? Ọ̀rọ̀ ìṣirò tó yẹ kó yé ọmọ kí ìdánwò tó dé

Ọ̀kún o, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ àti ẹ̀yin òbí.

Ọmọbìnrin kan tó ń múra WAEC gbé ìwé rẹ̀ wá bá mi nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan ní Kábà níbí. Ìbéèrè inú rẹ̀ kò le: oko kan gùn ní mítà 30, ó fẹ̀ ní mítà 20, kí ni perimeter rẹ̀? Ó ti ṣe 30 lọ́nà 20, ó kọ 600, ó sì fa ìlà méjì sábẹ́ rẹ̀ bí ẹni tí ọkàn rẹ̀ balẹ̀. Ìṣirò rẹ̀ pé. Ìdáhùn rẹ̀ ni kò pé, torí area ló wá, perimeter sì ni wọ́n bi í. Mo ní, “Kí ni perimeter?” Ó wolẹ̀, ó ní, “Tísà, ṣebí nǹkan oko náà ni.”

Ohun tí mò ń rí láti ìgbà tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ àdúgbò wa nìyẹn. Ọ̀pọ̀ wọn mọ nọ́ńbà í rò pọ̀, wọ́n mọ̀ ọ́n yọ, wọ́n mọ̀ ọ́n pín. Ọ̀rọ̀ tí ìbéèrè fi ń bi wọ́n ni kò yé wọn. Wọ́n há orúkọ náà sórí, ṣùgbọ́n wọn ò mọ nǹkan tí orúkọ ọ̀hún ń pè. Bẹ́ẹ̀ nǹkan náà wà lóko, ó wà lọ́jà, ó wà lórí ọpọ́n ayò. Ó dùn mí gan-an nígbà tí ọmọ tó mọ̀wé bá pàdánù máàkì sórí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo.

Ẹ jẹ́ ká padà sínú oko yẹn. Ká ní màlúù ń wọ̀ ọ́, ẹ sì fẹ́ fi wáyà yí i ká. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti igun kan, ẹ rìn mítà 30, ẹ yà, ẹ rìn 20, ẹ yà, ẹ rìn 30, ẹ yà, ẹ rìn 20, ẹ sì bá ara yín níbi tí ẹ ti gbéra. Gbogbo ìrìn yẹn jẹ́ mítà 100. Perimeter nìyẹn: bí nǹkan ṣe gùn tó ní àyíká, ní etí rẹ̀ nìkan. Area ni ilẹ̀ tó wà nínú. Ẹ ò lè kọ ebè sára wáyà, inú lẹ ó ti kọ ọ́. Bí ẹ bá pín inú oko náà sí ojú kéékèèké, kí ojú kọ̀ọ̀kan gùn ní mítà kan, kó sì fẹ̀ ní mítà kan, ojú 30 ni yóò wà lórí ìlà kan, ìlà náà yóò sì jẹ́ 20. Ibẹ̀ ni 600 ti wá, ibẹ̀ náà ni 2 kékeré tí a ń kọ sórí m ti wá. Ojú ilẹ̀ là ń kà, a ò ka okùn.

Ẹni tó bá rò pé ọ̀kan lè dúró fún èkejì, kó wo èyí. Ẹ fi wáyà mítà 100 yìí kan náà yí oko tó gùn ní 45 tó sì fẹ̀ ní 5 ká. Perimeter ṣì jẹ́ 100, ṣùgbọ́n area ti di 225. Ẹ wá fi yí oko tó jẹ́ 25 ní òòró àti 25 ní ìbú ká, area á di 625. Wáyà kan náà ni, àmọ́ iṣu tí ẹ máa wà níbẹ̀ kò ní dọ́gba.

Ó kan factor àti multiple, méjì tí àwọn ọmọ máa ń fi rọ́pò ara wọn. Ẹ gbé ọpọ́n ayò wá. Ojú 12 ló ní, ọmọ mẹ́rin-mẹ́rin ló wà nínú ojú kọ̀ọ̀kan, àpapọ̀ wọn jẹ́ 48. Ẹ da gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, kí ẹ tò ó ní ìlà tó dọ́gba. Ìlà 2 á gba 24-24. Ìlà 3 á gba 16-16. Ìlà 4 á gba 12-12, ìlà 6 á gba 8-8. Ẹ gbìyànjú ìlà 5 wò: ẹ ó rí 9-9, mẹ́ta á ṣẹ́kù sílẹ̀. Nítorí náà, 5 kì í ṣe factor 48. Nọ́ńbà tó bá pín 48 tí nǹkan kan ò ṣẹ́kù ni factor rẹ̀: 1, 2, 3, 4, 6, 8, 12, 16, 24 àti 48 fúnra rẹ̀. Mẹ́wàá péré ni wọ́n, kò sì sí èyí tó ju 48 lọ nínú wọn.

Multiple ń lọ sókè ní tirẹ̀, kò sì lópin. Ẹni tó sọ pé òun ò mọ̀ ọ́n ti ń kà á láti kékeré: ogún, ogójì, ọgọ́ta, ọgọ́rin, ọgọ́rùn-ún. Ogójì ni ogún méjì. Ọgọ́ta ni ogún mẹ́ta. Ọgọ́rin ni ogún mẹ́rin, ọgọ́rùn-ún ni ogún márùn-ún, títí dé igba tó jẹ́ ogún mẹ́wàá. Multiple 20 ni gbogbo wọn, èdè wa ló sì ti ṣe ìsọdipúpọ̀ náà sínú orúkọ wọn. Àyọkúrò pàápàá wà níbẹ̀: àádọ́ta ni ọgọ́ta tí mẹ́wàá dín nínú rẹ̀, àrùndínláàádọ́ta sì tún dín márùn-ún kù nínú ìyẹn, ó di 45. Ọmọ tó bá mọ èyí kò yẹ kó sọ pé ìṣirò jẹ́ àjèjì sí òun.

Ẹ má tíì kó ọmọ ayò yẹn. Ká ní ọ̀kan yí sábẹ́ àga, ó wá ku 47. Ẹ tò ó ní ìlà 2, ọ̀kan á ṣẹ́kù. Ìlà 3, méjì á ṣẹ́kù. Ìlà 4, mẹ́ta. Ìlà 5, méjì. Ìlà 6, márùn-ún. Ẹ lè dúró níbẹ̀, torí 7 lọ́nà 7 jẹ́ 49, ó ti kọjá 47. Bí nọ́ńbà kékeré kankan kò bá pín in, ńlá kankan kò ní pín in. Ìlà kan gbọọrọ nìkan ni 47 gbà. Ohun tí wọ́n ń pè ní prime nìyí: nọ́ńbà tí factor rẹ̀ jẹ́ méjì péré, 1 àti òun fúnra rẹ̀. Nípa bẹ́ẹ̀, 1 kì í ṣe prime, torí factor kan ṣoṣo ló ní. 2 jẹ́ prime, òun nìkan sì ni nọ́ńbà tó ṣeé pín sí méjì tó jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ ṣọ́ra fún 51, 57 àti 91. Wọ́n jọ prime lójú, ṣùgbọ́n 3 lọ́nà 17 ni 51, 3 lọ́nà 19 ni 57, 7 lọ́nà 13 sì ni 91.

Nígbà tí HCF (highest common factor) àti LCM (lowest common multiple) bá dé, orúkọ wọn gan-an ló ń ṣi ọmọ lọ́nà. Wọ́n gbọ́ “highest”, wọ́n wá nọ́ńbà ńlá. Wọ́n gbọ́ “lowest”, wọ́n wá kékeré. Òdìkejì ló sábà máa ń jẹ́. HCF jẹ́ factor, kò sì lè ju èyí tó kéré jù nínú àwọn nọ́ńbà náà lọ. LCM jẹ́ multiple, kò lè kéré ju èyí tó tóbi jù lọ. Bí ìyá kan bá ní ọsàn 24 àti máńgòrò 36, tó fẹ́ tò wọ́n ní ìdì tó dọ́gba láìsí àṣẹ́kù, ìdì tó pọ̀ jù tó lè rí ni 12: ọsàn méjì àti máńgòrò mẹ́ta nínú ìdì kọ̀ọ̀kan. HCF nìyẹn.

Ọjà ni mo fi ń kọ́ wọn ní LCM. Nínú ìkà àwọn àgbà, ọjọ́ tí a ná ọjà wà lára ọjọ́ tí a ń kà, ìdí nìyẹn tí ọjà ọrọọrún fi ń padà wá lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́rin. Ká ní ó bọ́ sí ọjọ́ Ajé lónìí. Èyí tó tẹ̀ lé e á bọ́ sí Ẹtì, lẹ́yìn náà Ìṣẹ́gun, Àbámẹ́ta, Ọjọ́rú, Àìkú, Ọjọ́bọ̀, kó tó tún bọ́ sí Ajé. Ẹ ka ọjọ́ náà: 28. Ọjà ń ka 4, ọ̀sẹ̀ ń ka 7, ibi àkọ́kọ́ tí wọ́n ti pàdé ni 28. LCM 4 àti 7 nìyẹn. Ọmọ tó bá fi ìka rẹ̀ ka ọjà yẹn lẹ́ẹ̀kan kì í béèrè lọ́wọ́ mi mọ́.

Fraction àti ratio náà ń dàrú mọ́ ara wọn. Ìpínlẹ̀ Kogí ní ìjọba ìbílẹ̀ 21. Méje wà ní ìwọ̀-oòrùn lọ́dọ̀ wa: Kábà-Bùnú, Ìjùmú, Ìyàgbà méjèèjì, Mọ̀pà-Mùrò, Lọ́kọ́ja àti ìjọba ìbílẹ̀ tí òun náà ń jẹ́ Kogí. Márùn-ún wà ní àárín, mẹ́sàn-án wà ní ìlà-oòrùn. Bí wọ́n bá béèrè fraction tó jẹ́ tiwa, 7 nínú 21 ni, ìyẹn ìdá kan nínú mẹ́ta. Bí wọ́n bá béèrè ratio wa sí àwọn yòókù, 7 sí 14 ni, ìyẹn 1 sí 2. Fraction ń fi apá kan wé odidi, ratio yìí ń fi apá kan wé apá kejì. Ẹni tó kọ 1 sí 3 ti ka ara wa mọ́ àwọn yòókù.

Ìdá nínú ọgọ́rùn-ún kò gba àlàyé púpọ̀, àfi ibi èrè. Bí ẹnì kan bá ra kaṣú ní ₦80,000 tó tà á ní ₦100,000, èrè rẹ̀ jẹ́ ₦20,000. Owó tó fi rà á la fi ń wọn èrè náà, kì í ṣe owó tó tà á. 20,000 nínú 80,000 jẹ́ ìdá kan nínú mẹ́rin, ìyẹn 25 nínú ọgọ́rùn-ún. Ọmọ tó kọ 20 ti fi owó títà pín in. BODMAS, ìyẹn òfin tó ń sọ èyí tí a ó kọ́kọ́ ṣe nínú ìṣirò, nìyí ní kúkúrú: bí ẹ bá san ₦600 fún ọ̀kadà, tí ẹ ra mudu gàrí 4 ní ₦500-₦500, ₦2,600 lẹ ná. Kò sí ẹni tó máa kọ́kọ́ ro 600 mọ́ 4. Ìdí nìyẹn tí 600 + 4 × 500 fi jẹ́ 2,600.

Ní ti geometry, ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ ni angle. Ẹni tó bá dúró lórí òkè Pàtì ní Lọ́kọ́ja, tó wo ibi tí odò Ọya àti Bẹ́núè ti pàdé, ti rí i. Ibi ìpàdé yẹn ni vertex, angle sì ni bí odò méjèèjì ṣe yà sí ara wọn tó. Bí odò náà ṣe gùn tó kò kàn án rárá. Igun tó mú, tí kò tó dígírì 90, ni acute. Èyí tó ju 90 lọ tí kò tó 180 ni obtuse. Èyí tó ju 180 lọ tí kò tó 360 ni reflex. Parallel àti perpendicular wà lórí òfì tó dúró, irú èyí tí àwọn ìyá fi ń hun aṣọ ní Bùnú àti Ògìdì. Òwú tí wọ́n ta láti òkè dé ìsàlẹ̀ ń lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, wọn kì í pàdé: parallel ni. Òwú tó ń gba ọ̀tún lọ sí òsì dábùú wọn ní 90: perpendicular ni.

Igun 90 yìí, ẹ wo bí bíríkìlà ṣe ń wá a nígbà tó bá fẹ́ gbẹ́ ìpìlẹ̀ ilé. Ó kan èèkàn mọ́lẹ̀, ó na okùn ẹsẹ̀ bàtà 3 sí apá kan, ó na 4 sí apá kejì, ó wá wọn láti orí ti àkọ́kọ́ dé orí ti èkejì. Bí kò bá tó 5, igun náà há, ó ti okùn síta. Bó bá ju 5 lọ, ó fà á wọlé. Bó bá jẹ́ 5 gẹ́lẹ́, ó gún régé. 3 lọ́nà 3 jẹ́ 9, 4 lọ́nà 4 jẹ́ 16, àròpọ̀ wọn jẹ́ 25, 5 lọ́nà 5. Òfin Pythagoras ló ń lò yẹn. Ẹ̀gbẹ́ tó jẹ́ 5 ni hypotenuse, òun ló dojú kọ igun 90. Ẹ má wá a nípa pé ó dagun. Olùbéèrè lè yí àwòrán náà kó fi sùn sílẹ̀ gbọọrọ. Igun 90 ni kí ẹ kọ́kọ́ wá, kí ẹ wá wo ẹ̀gbẹ́ tó kọjú sí i.

Róbótó la fi parí ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn. Mo ní kí ọmọbìnrin náà gbé bàsíà ìyá rẹ̀ wá pẹ̀lú òwú. Ó na òwú láti etí kan gba àárín dé etí kejì, ó wọ̀n ọ́n: sẹ̀ǹtímítà 42. Mo ní diameter nìyẹn. Ìdajì rẹ̀, láti àárín dé etí, 21, ni radius. Ó wá fi òwú gígùn yí etí bàsíà ká lẹ́ẹ̀kan, ó gé e, ó tẹ́ ẹ sílẹ̀, ó sì ń fi òwú 42 yẹn wọ̀n ọ́n. Ẹ̀ẹ̀kan, ẹ̀ẹ̀mejì, ẹ̀ẹ̀mẹta, ó ṣẹ́ku díẹ̀. Ó wọn ìyókù náà, ó jẹ́ bíi sẹ̀ǹtímítà 6. Mo ní kó fi 6 pín 42. Ó ní méje. Ẹ̀ẹ̀mẹta àti ìdá kan nínú méje: 22/7 nìyẹn, tí wọ́n ń pè ní pi, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó fi díẹ̀ ju pi gan-an lọ. Ó wo òwú tó yí bàsíà náà ká fún ìgbà díẹ̀.

“Tísà, ṣé perimeter róbótó náà ni wọ́n ń pè ní circumference?”

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ṣí ìwé rẹ̀ padà sí ìbéèrè oko, ó pa 600, ó kọ mítà 100.