Àwọn Tó Dẹ Okùn Gìtá: Bí Kī Hōʻalu Ṣe Bẹ̀rẹ̀ ní Hawaii

Bí kì í bá ṣe ti màlúù ni, kī hōʻalu, ọ̀nà títa gìtá àwọn ará Hawaii tí mo fẹ́ sọ ìtàn rẹ̀ yìí, kì bá tí wáyé.

Lọ́dún 1793, George Vancouver, ọ̀gá ọkọ̀ ojú omi ará Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kó màlúù díẹ̀ dé erékùṣù Hawaii, ó sì fi wọ́n ta Ọba Kamehameha Kìíní lọ́rẹ. Lọ́dún kejì ó tún kó òmíràn wá. Ọba pàṣẹ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ pa wọ́n fún ọdún 10, kí wọ́n lè pọ̀ sí i. Kapu ni wọ́n ń pe irú àṣẹ bẹ́ẹ̀. Èèwọ̀ gidi ni, ẹni tó bá rú u lè fi ẹ̀mí ara rẹ̀ dí i. Àwọn màlúù náà bí, wọ́n rẹ̀, wọ́n kún ẹsẹ̀ òkè Mauna Kea. Wọ́n jẹ oko kókò, wọ́n jẹ oko ọ̀dùnkún, wọ́n fa koríko òrùlé ilé jẹ, wọ́n sì ń fi ìwo lé èèyàn. Ẹran ọ̀sìn di ẹran igbó.

Ní nǹkan bí ọdún 1832, Ọba Kamehameha Kẹta ránṣẹ́ sí California, tó wà lábẹ́ Mexico nígbà náà, pé kí wọ́n bá òun wá àwọn tó mọ màlúù dà. Ẹlẹ́ṣin paraku ni àwọn tó dé. Orí ẹṣin tó ń sáré ni wọ́n ti ń ju okùn mú akọ màlúù. Wọ́n ṣiṣẹ́ ní agbègbè Waimea, níbi tí oko ẹran ńlá Parker ti bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn náà lọ́dún 1847, wọ́n sì kọ́ àwọn ọmọ ilẹ̀ níṣẹ́. Èdè Sípéènì ni wọ́n ń sọ, “español” ni wọ́n sì ń pe ara wọn. Èdè Hawaii kò ní ohùn “s”, bẹ́ẹ̀ ni kì í to kọ́ńsónáǹtì méjì léra wọn, gẹ́gẹ́ bí tiwa tó sọ “bread” àwọn Gẹ̀ẹ́sì di búrẹ́dì. “Español” bá di “paniolo”, orúkọ tí wọ́n ṣì ń pe darandaran níbẹ̀ títí di òní.

Okùn oríṣi méjì ni àwọn àlejò yìí mú wá: okùn ìmú-màlúù, àti okùn gìtá. Bí ilẹ̀ bá ṣú, wọ́n á dáná, wọ́n á máa ta gìtá, wọ́n á máa kọrin ilé wọn. Ìtàn tí àwọn àgbà Hawaii ń sọ ni pé nígbà tí púpọ̀ nínú wọn padà sílé, wọ́n fi gìtá sílẹ̀ fún àwọn tí wọ́n jọ ń daran, ṣùgbọ́n wọn kò jókòó kọ́ wọn délẹ̀ bí wọ́n ṣe ń to ohùn okùn rẹ̀. Ẹni tí gìtá wá kù sí lọ́wọ́ kò ní olùkọ́ mìíràn ju etí ara rẹ̀ lọ. Etí ọ̀hún sì ti kún tẹ́lẹ̀. Orin àwọn baba ńlá wà níbẹ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní mele. Orin ìsìn tí àwọn míṣọ́nnárì kó wá láti Amẹ́ríkà láti ọdún 1820 náà wà níbẹ̀. Ó yí èèkàn orí gìtá síhìn-ín, ó yí i sọ́hùn-ún, ó ń dẹ okùn, títí ohùn gìtá fi bá èyí tó wà lọ́kàn rẹ̀ mu. Kī ni èèkàn yẹn. Hōʻalu ni kí a dẹ nǹkan. Ibi tí orúkọ náà ti wá nìyẹn.

Ẹ jẹ́ ká jókòó ti èyí díẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni adùn ọ̀rọ̀ wà. Ẹni tó bá ti fọwọ́ kan gìtá mọ̀ pé láti orí okùn tó nípọn jù dé èyí tó tín-ín-rín jù, E, A, D, G, B, E ni orúkọ ohùn wọn. Bí o bá fi ọwọ́ ra wọn lásán láìtẹ ibì kankan, ohùn wọn kò bá ara wọn ṣọ̀rẹ́. Wàyí o, dẹ okùn mẹ́ta péré: sọ E méjèèjì di D, sọ A di G. Ó di D, G, D, G, B, D. Fi ọwọ́ rà á báyìí, kọ́ọ̀dù G, ìyẹn ohùn mélòó kan tó bára mu tó ń dún pọ̀, ni yóò dún ní pípé pérépéré, láìjẹ́ pé ìka òsì kan tẹ ohunkóhun. Àtàǹpàkò ọ̀tún á wá dà bí onílù, á máa lọ, á máa bọ̀ lórí àwọn okùn tó nípọn. Ìka yòókù á máa kọrin lórí àwọn okùn tín-ín-rín. Nígbà tí mo kọ́kọ́ gbọ́ ọ, mo rò pé èèyàn méjì ló ń ta á. Mo tún un gbọ́ lẹ́ẹ̀mejì kí n tó gbà pé ẹnì kan ni.

Oko kókò ni wọ́n sọ ètò ohùn yìí, òun ló sì wọ́pọ̀ jù. Kalo ni kókò lédè wọn, oúnjẹ tí wọ́n gbójú lé láti ìgbà ìwáṣẹ̀, ẹ̀yà kan náà sì ni pẹ̀lú kókò tí à ń sè nílé wa. Òmíràn wà tí wọ́n ń pè ní wahine, ìyẹn obìnrin. Nínú tirẹ̀, G àárín tún sọ̀ kalẹ̀ di F♯, tó fi jẹ́ pé kọ́ọ̀dù náà kò parí, ó ń retí. Ẹni tó ń ta á ni yóò fi ìka òsì gbá okùn náà kí ó lè délé, á tún tú u sílẹ̀, á tún gbá a. Mauna Loa tún wà, tí okùn tín-ín-rín méjì rẹ̀ jìnnà síra ju bó ṣe yẹ lọ, tí orin fi ń rọrùn láti ta ní méjì-méjì. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ irú ètò bẹ́ẹ̀ ló wà. Ohun tí gbogbo wọn ń wá ni nahenahe: ohùn tó tutù, tó rọ̀, tí kò pariwo.

Nígbà tí David Kalākaua jọba, láti 1874 sí 1891, gìtá bọ́ láti ẹ̀yìn màlúù wọ ààfin. Láti ọdún 1830 ni àwọn ìjòyè tó gba ẹ̀sìn míṣọ́nnárì ti fòfin de ijó hula ní gbangba. Kalākaua gbé e padà síta níbi ayẹyẹ ìdádé rẹ̀ lọ́dún 1883. Níbẹ̀ ni akèrègbè àti ìlù ìbílẹ̀ ti ń bá gìtá ṣiṣẹ́ pọ̀. Láti ara gìtá kékeré tí àwọn Potogí ará Madeira kó wá ní 1879 ni ukulele náà ti jáde. Mo ka ọba yìí sí ọ̀kan nínú àwọn tó yẹ kí gbogbo olórin máa dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ọdún méjì péré lẹ́yìn ikú rẹ̀ ni nǹkan dàrú. Ní January 1893, àwọn oníṣòwò òyìnbó, pẹ̀lú àwọn sójà ojú omi Amẹ́ríkà lẹ́yìn wọn, gba ìjọba lọ́wọ́ àbúrò rẹ̀, Ọbabìnrin Liliʻuokalani, ẹni tí òun náà jẹ́ akọrin pàtàkì. Ní 1896 òfin sọ Gẹ̀ẹ́sì di èdè ìkọ́ni ní ilé ẹ̀kọ́. Ní 1898 Amẹ́ríkà gba ilẹ̀ náà mọ́ tirẹ̀.

Ní àkókò yìí, ètò ohùn gìtá ti di ọ̀rọ̀ ilé. Ìdílé kan ní tirẹ̀, ìdílé kejì kò mọ̀ ọ́n. Wọ́n ní bí àlejò bá wọlé, ẹni tó ń ta gìtá lè yí ẹ̀yìn sí i, tàbí kí ó tú gbogbo èèkàn kí ó tó gbé gìtá kalẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má baà rí bí òun ṣe tò ó. Ọmọ tó bá fẹ́ kọ́ ọ kì í béèrè. Yóò jókòó, yóò la ojú àti etí, yóò lọ dánwò níkọ̀kọ̀. N kò dá wọn lẹ́bi rárá. Ẹni tí wọ́n gba ilẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, tí wọ́n gba adé lórí ọbabìnrin rẹ̀, tí wọ́n ní kí ọmọ rẹ̀ má sọ èdè baba rẹ̀ nílé ẹ̀kọ́, kí ló tún kù tí yóò fi ṣe tirẹ̀? Ètò okùn mẹ́fà tí kò sí nínú ìwé kankan. Ṣùgbọ́n ìpamọ́ náà ní oró tirẹ̀. Àgbà tí kò bá rí ọmọ tó fẹ́ràn gìtá á gbé ètò ohùn rẹ̀ wọ sàréè, ó sì parí nìyẹn.

Ọmọ kan tí kī hōʻalu bí kò gbélé ní tirẹ̀. Ní nǹkan bí 1889, Joseph Kekuku, ọmọ iléèwé láti Lāʻie, bẹ̀rẹ̀ sí í fi irin yọ̀ lórí okùn gìtá dípò ìka. Irú ètò ohùn tí kọ́ọ̀dù ti wà nínú rẹ̀ yìí ló jẹ́ kí ó ṣeé ṣe, nítorí irin kan ṣoṣo kò lè tẹ okùn ní ibi ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Gìtá oníirin yìí gba Amẹ́ríkà kan lẹ́yìn ìpàtẹ ńlá tí wọ́n ṣe ní San Francisco lọ́dún 1915. Wọ́n gbé e lé ẹsẹ̀, wọ́n fi pẹ́dàlì sí i, ó sì rìn títí ó fi dé ọ̀dọ̀ wa: irinṣẹ́ tí Demola Adepoju ń ta lẹ́yìn King Sunny Adé nìyẹn, ohùn tó máa ń sunkún kọjá láàárín ìlù nínú jùjú. Ọ̀pọ̀ nínú wa ti jó sí ọmọ-ọmọ gìtá darandaran Hawaii láìmọ̀.

Kī hōʻalu, ìyá gìtá oníirin yìí, wà lẹ́yìnkùlé ní gbogbo àkókò náà. Àwọn àlejò tó ń bá ọkọ̀ ojú omi dé Honolulu fẹ́ gbọ́ ukulele àti orin Gẹ̀ẹ́sì, kī hōʻalu sì di ohun tí bàbá ń ta fún ara rẹ̀ lálẹ́.

Gabby Pahinui ló gbé e jáde. Kakaʻako ní Honolulu ni wọ́n bí i sí lọ́dún 1921, nínú òṣì. Ó ń dán bàtà fún èèyàn, ó ń ta ìwé ìròyìn. Nígbà tó dàgbà ó bá ìlú ṣiṣẹ́ títún ọ̀nà ṣe. Lọ́dún 1946 ó kọ “Hiʻilawe”, orin nípa omi tó ń já láti òkè ní àfonífojì Waipiʻo, sínú àwo, ó sì jẹ́ kí gìtá tí a dẹ okùn rẹ̀ gba iwájú. Ohun ilé jáde sí gbangba. Ilé rẹ̀ ní Waimānalo náà di ibi ìpàdé. Ní òpin ọ̀sẹ̀, olórin àgbà, olórin kékeré, ẹni tí kò mọ ohunkóhun, gbogbo wọn á kó gìtá wá, wọ́n á ta á títí ilẹ̀ yóò fi mọ́. Kanikapila ni wọ́n ń pe irú àpéjọ bẹ́ẹ̀, níbi tí kò sí pèpéle, tí kò sì sí tíkẹ́ẹ̀tì.

Lẹ́yìn rẹ̀, àwọn mìíràn náà la ọwọ́ wọn. Leonard Kwan ṣe àwo kan ní 1960 tí kò sí ohùn ẹnikẹ́ni nínú rẹ̀, gìtá nìkan. Raymond Kāne, tó jẹ́ pé lọ́mọdé ó ń mòòkùn lọ pa ẹja fún àgbà kan kí onítọ̀hún lè kọ́ ọ ní gìtá, kò béèrè ẹja lọ́wọ́ àwọn tirẹ̀. Gbangba ló ti kọ́ wọn, Amẹ́ríkà sì fi oyè àṣà tó ga jù dá a lọ́lá ní 1987. Keola Beamer tẹ ìwé ìkọ́ni kī hōʻalu jáde ní 1973. Lójú tèmi, ìwé yẹn gba ìgboyà ju àwo èyíkéyìí lọ. Ohun tí àwọn kan ti tú èèkàn nítorí rẹ̀ ló tẹ̀ sórí ìwé fún ẹni tó bá ní owó ìwé lọ́wọ́.

Ìgbà náà dára fún irú rẹ̀. Hōkūleʻa, ọkọ̀ ojú omi tí wọ́n ṣe bíi ti àwọn baba ńlá, ti fi ìràwọ̀ àti ìgbì ṣe amọ̀nà dé Tahiti ní 1976, èdè Hawaii sì tún di èdè ìjọba ní 1978. Nígbà tí Gabby kú ní 1980, ikú rẹ̀ kò pa iná náà. Ní 1982 Milton Lau bẹ̀rẹ̀ àjọ̀dún kī hōʻalu ní orúkọ rẹ̀. Láàárín ọdún 1990 sí 1999, George Winston, atẹdùùrù láti Amẹ́ríkà, lo ilé iṣẹ́ àwo rẹ̀, Dancing Cat, láti gba orin àwọn ọ̀gá sílẹ̀. Ó rí ti Sonny Chillingworth, ọ̀kan nínú wọn, gbà kí ọ̀gá náà tó kú ní 1994. Ètò ohùn orin kọ̀ọ̀kan sì wà nínú ìwé tó bá àwo rìn. Nígbà tí Grammy wá ní ẹ̀bùn fún orin Hawaii, láti 2005 sí 2011, àkójọ orin kī hōʻalu ló gbà á ní ìgbà 5 nínú 7. Àwọn akọrin kan bínú sí èyí, wọ́n ní orin Hawaii láìsí ọ̀rọ̀ Hawaii kò pé. Ọ̀rọ̀ wọn ní ẹsẹ̀ nílẹ̀, nítorí mele ló bí gìtá náà.

Ìṣòro mìíràn ti wá dé báyìí. Ilé wọ́n ní Hawaii, àwọn ọmọ ilẹ̀ sì ń ṣí lọ. Ìkànìyàn ọdún 2020 fi hàn pé àwọn ọmọ Hawaii tó ń gbé ní ìpínlẹ̀ Amẹ́ríkà mìíràn ti pọ̀ ju àwọn tó kù sílé lọ. Àwọn tó wà ní California àti Nevada ní láti máa pe ara wọn jọ, kí wọ́n máa rán orin síra wọn, kí wọ́n máa dúró de ọ̀gá tó bá gba ibẹ̀ kọjá. Àwọn ará Japan tó fẹ́ràn rẹ̀ náà ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Ìlú mìíràn tilẹ̀ ti lọ pátápátá. Kalapana ni Ledward Kaapana, ọ̀kan nínú àwọn ọ̀gá kī hōʻalu, ti dàgbà, ibi tí iná mànàmáná kò sí, tí gìtá àwọn ẹbí fi jẹ́ rédíò wọn. Ọ̀dọ̀ wọn ló ti kọ́ ọ. Ní 1990, iná tó ń ṣàn láti inú òkè Kīlauea bo Kalapana mọ́lẹ̀, òkúta dúdú ló kù níbẹ̀. Kaapana kó ohun tó kọ́ níbẹ̀ dání kiri ayé. Bó bá jókòó, a máa yí èèkàn rẹ̀ lójú gbogbo èèyàn, okùn kan lẹ́yìn òmíràn, kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí í ta á.