Sùúrùlérè: ilé tí wọ́n wó l'Ékòó ló sọ ọ́ di ìlú

Bí bọ́ọ̀sì bá dúró lábẹ́ afárá Ojúẹlẹ́gbà ní Sùúrùlérè, ohùn kọ̀ńdọ́ lèèyàn á kọ́kọ́ gbọ́: "Barracks! Stadium! Wọlé pẹ̀lú ṣéńjì ẹ o!" Orúkọ ibẹ̀ ṣì ń sọ ohun tó wà níbẹ̀ kí títì tó dé: ojúbọ Èṣù Ẹlẹ́gbà. Ṣùgbọ́n ilé wíwó ló kó èrò wọ Sùúrùlérè.

Ní 1924, àjàkálẹ̀ àrùn tí eku ń gbé kiri wọ Èkó, ó sì pa èèyàn púpọ̀. Nígbà tó di 1928, ìjọba amúnisìn dá àjọ LEDB (Lagos Executive Development Board) sílẹ̀ láti máa tún ìlú ṣe. Àjọ yìí náà ló kéde ní 1951 pé òun máa wó éékà 70 láàárín Erékùṣù Èkó. Òmìnira ń bọ̀, wọ́n sì fẹ́ kí olú-ìlú dùn ún wò lójú àlejò. Àwọn onílé fi ẹ̀hónú hàn títí, síbẹ̀ wíwó bẹ̀rẹ̀ ní 1955. Sùúrùlérè ni wọ́n kó ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí wọ́n lé lọ.

N ò ní purọ́, ilé tuntun náà dára, ó tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́, títì ibẹ̀ sì gún. Àmọ́ agboolé ò ṣe é dì sínú ọkọ̀. Ìyá tó ń pàtẹ lẹ́nu ọ̀nà ilé ẹ̀ l'Ékòó, tí àwọn ìyàwó ilé ń bá a gbọ́mọ, tí oníbàárà ti mọ ojú ẹ̀ tipẹ́, jí ní Sùúrùlérè, kò rẹ́ni bi í léèló. Tó bá ní kóun padà sọ́jà l'Ékòó, owó ọkọ̀ á jẹ èrè ẹ̀ tán. Bàbá àgbà tí wọ́n ń gbé àwo oúnjẹ fún láti yàrá kejì wá di ẹni tí wọ́n ń wọkọ̀ lọ kí. Ìyà gidi ni wọ́n fi jẹ wọ́n, ọ̀pọ̀ ò sì padà síbi tí wọ́n ti ṣí wọn mọ́.

Ọmọ wọn ló wá ni àdúgbò náà. Ní 1972, wọ́n ṣí pápá ìṣeré ńlá síbẹ̀ nítorí Ìdíje Gbogbo Áfíríkà ti 1973. Ibẹ̀ náà ni Nàìjíríà ti na Algeria ní 3-0 ní ọjọ́ 22 oṣù Kẹta, 1980, tí a kọ́kọ́ gba ife ẹ̀yẹ Áfíríkà: Ṣẹ́gun Ọdẹ́gbàmí gbá méjì wọlé, Múdà Lawal gbá ẹyọ kan. Ó dùn mí pé wọ́n jẹ́ kí pápá yẹn bàjẹ́ lẹ́yìn náà.

Títí dòní, bí ọmọ Sùúrùlérè bá fẹ́ sọdá afárá lọ sí Ìdúmọ̀tà, níbi tí wọ́n ti lé bàbá ẹ̀ àgbà, ohun tó máa sọ ni pé, "Mò ń lọ sí Èkó."