Iná Jó Igbó Tán, Kí Ló Dé Tí Odò Fi Kún?

Ìbéèrè: Òjò kò pọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Kí ló dé tí omi fi ń ya wọlé lẹ́yìn tí iná bá jó igbó orí òkè?

Ìdáhùn: Kì í ṣe gbogbo òjò tó rọ̀ sínú igbó ló ń dé odò. Ewé á gba díẹ̀ dúró, oòrùn á fà á gbẹ. Èyí tó bá dé ilẹ̀, gbòǹgbò á mu nínú rẹ̀, ìyókù á máa rìn jẹ́jẹ́ lábẹ́ ilẹ̀ títí tó fi máa yọ sódò, nígbà mìíràn lẹ́yìn ọ̀pọ̀ oṣù. Iná ló ń ba gbogbo èyí jẹ́.

Ohun kan tún wà tó yà mí lẹ́nu nígbà tí mo kọ́kọ́ gbọ́ ọ. Bí ewé àti igi ṣe ń jó, ọ̀rá ara wọn á di èéfín, díẹ̀ nínú rẹ̀ á wọnú ilẹ̀, á sì lẹ̀ mọ́ iyẹ̀pẹ̀. Kì í ṣe gbogbo ilẹ̀ ló máa ń rí bẹ́ẹ̀, àmọ́ níbi tó bá ti ṣẹlẹ̀, ha eérú kúrò, kí o kán omi sí iyẹ̀pẹ̀ abẹ́ rẹ̀: omi á ká jọ roboto, bí omi orí ewé kókò. Bí òjò ńlá bá wá rọ̀ sórí irú òkè bẹ́ẹ̀, ìsàlẹ̀ ló ń bọ̀ tààrà, pẹ̀lú eérú, ẹrẹ̀ àti òkúta.

Ohun tó pa èèyàn 23 ní Montecito, ní Kalifóníà, nìyẹn. Iná ti jó òkè tó wà lókè ìlú náà ní oṣù Kejìlá ọdún 2017. Ní òru mọ́jú ọjọ́ 9 oṣù Kìíní ọdún 2018, òjò líle rọ̀ fún ìgbà díẹ̀, ẹrẹ̀ sì gbé òkúta tó tóbi tó mọ́tò wá sáàárín ilé.

Ìbéèrè: Ṣé odò á máa kún bẹ́ẹ̀ lọ ni?

Ìdáhùn: Rárá, ó tún lè fà ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Ẹ wo Melbourne, ní Ọsirélíà. Ní ọjọ́ 13 oṣù Kìíní ọdún 1939, iná jó igbó tí omi mímu ìlú náà ti ń wá. Igi ńláńlá tí wọ́n ń pè ní mountain ash ló pọ̀ níbẹ̀. Bí iná líle bá pa á, kì í rú láti ara kùkùté. Irúgbìn rẹ̀ ló ń hù, gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, á sì kún fọ́fọ́. Àwọn ọ̀dọ́ igi wọ̀nyí ń mu omi ju àgbà igi lọ. Nǹkan bí ogún sí ọgbọ̀n ọdún lẹ́yìn iná, omi tó ń ti irú igbó bẹ́ẹ̀ wá lè dín kù tó ìdajì, ó sì lè gbà tó ọgọ́rùn-ún ọdún kó tó padà sípò.

Ìbéèrè: Omi ẹ̀rọ ńkọ́?

Ìdáhùn: Lẹ́yìn iná ọdún 1996 àti 2002 ní Kòlórádò, ní Amẹ́ríkà, òjò gbé iyẹ̀pẹ̀ wọ adágún tí omi ẹ̀rọ ìlú Denver ti ń wá, ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù dọ́là ni wọ́n sì ná lórí rẹ̀.

Ìbéèrè: Kí ni wọ́n ń ṣe sí i?

Ìdáhùn: Wọ́n máa ń fi hẹlikópítà da koríko gbígbẹ sórí òkè tó jó, kí òjò má baà máa na iyẹ̀pẹ̀ lásán. Ó ń ṣèrànwọ́, ṣùgbọ́n kò lè dá òjò ńlá dúró. Ẹni tó bá ń gbé nísàlẹ̀ irú òkè bẹ́ẹ̀, tí wọ́n bá ní kó jáde, kó jáde, bí oòrùn tilẹ̀ ń ràn lójúlé rẹ̀. Òjò orí òkè ló ń bọ̀ wá bá a.