Ìjàpá wọ inú kọ̀ǹpútà: bí Scratch ṣe ń ṣiṣẹ́ nínú kíláàsì

Babaláwo kìlọ̀ fún Ìjàpá pé kó má fẹnu kan àsèjẹ tí òun sè fún Yánníbo. Ìjàpá ò tíì délé tó fi jẹ ẹ́ tán, ni ikùn rẹ̀ bá wú. Ọmọ tó bá ti gbọ́ àlọ́ rí ti mọ ìwà ẹranko yìí: ohun tí wọ́n bá ní kó má ṣe gan-an ni yóò ṣe. Ìjàpá kan wà ṣá tí ìwà tirẹ̀ yàtọ̀. Amẹ́ríkà ni wọ́n ti ṣe é, kọ̀ǹpútà ló ń darí rẹ̀, ohun tí wọ́n bá sọ fún un ló sì ń ṣe, kò ní fi kún un, kò ní yọ níbẹ̀, kódà bí àṣẹ náà kò bá mọ́gbọ́n dání. Ìgbọràn àgbọ́jù yìí ló sọ ọ́ di ohun èlò fún ìkọ́ni.

Ọdún 1967 ni Wally Feurzeig, Seymour Papert àti Cynthia Solomon ṣe Logo, èdè kọ̀ǹpútà tó wà fún ọmọdé. Pretoria ní South Africa ni wọ́n bí Papert sí, ó sì ti bá Jean Piaget, onímọ̀ nípa bí ọmọdé ṣe ń ronú, ṣiṣẹ́ ní Geneva kó tó dé MIT, yunifásítì kan ní Amẹ́ríkà. Èrò rẹ̀ ni pé ìgbà tí ọmọ bá ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe nǹkan tí ojú ẹlòmíì lè rí ni ẹ̀kọ́ máa ń wọ̀ ọ́ lára. Nígbà tó yá, wọ́n fún Logo ní ìjàpá: róbọ́ọ̀tì kékeré tó ń rìn nílẹ̀, tó gbé ohun ìkọ̀wé sábẹ́ ikùn, tó ń fa ìlà sórí bébà bó ṣe ń lọ. Lẹ́yìn èyí ni ìjàpá kúrò nílẹ̀, ó bọ́ sójú kọ̀ǹpútà. Mitchel Resnick bá Papert ṣiṣẹ́ ní MIT, ikọ̀ tí òun sì ń darí níbẹ̀ ló gbé Scratch jáde ní 2007, èdè kọ̀ǹpútà tí ọmọdé fi ń to àṣẹ pọ̀ bíi búlọ́ọ̀kù dípò kí wọ́n máa tẹ̀ ẹ́. Ọ̀dọ̀ àwọn DJ tó máa ń fọwọ́ yí rẹ́kọ́ọ̀dù síwá sẹ́yìn, tí wọ́n ń fa orin tuntun yọ lára orin àtijọ́, ni wọ́n ti mú orúkọ náà. Ọ̀fẹ́ ni.

Ojú Scratch pín sí mẹ́ta. Àwọn búlọ́ọ̀kù wà lápá òsì, àárín ni wọ́n ti ń tò wọ́n, ìtàgé sì wà lápá ọ̀tún. Orí ìtàgé yìí ni àwọn òṣèré, tí Scratch ń pè ní sprite, ti ń ṣe ohun tí búlọ́ọ̀kù bá ní kí wọ́n ṣe. Ológbò ni Scratch máa ń kọ́kọ́ gbé kalẹ̀. Ọmọ tó bá fẹ́ ìjàpá lè yà á níbẹ̀, tàbí kó yà á sórí bébà, kí wọ́n fi fóònù ya fọ́tò rẹ̀, kí wọ́n sì gbé e wọlé.

Búlọ́ọ̀kù kọ̀ọ̀kan jẹ́ àṣẹ kan: rin ìṣísẹ̀ mẹ́wàá, yí sápá ọ̀tún, sọ̀rọ̀, dúró díẹ̀. Àwọ̀ wọn ń fi ìdílé wọn hàn. Búlúù ni ti ìrìn, àwọ̀ ọsàn ni ti àkóso. Ṣùgbọ́n ìrísí wọn ló ṣe pàtàkì jù. Bí búlọ́ọ̀kù bá lè tẹ̀lé òmíì, wọ́n á so mọ́ra. Bí kò bá lè tẹ̀lé e, wọn ò ní so, bó ti wù kí ọmọ tì í tó. Ihò onígun mẹ́fà wà lára búlọ́ọ̀kù tó ń sọ pé “bí nǹkan báyìí bá ṣẹlẹ̀, ṣe báyìí”, ìbéèrè tí ìdáhùn rẹ̀ jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́ nìkan ló sì lè wọ inú ihò náà, nítorí pé igun mẹ́fà ni òun náà ní.

Ẹni tó ti fi ọwọ́ tẹ àṣẹ kọ̀ǹpútà rí yóò mọyì èyí. Nínú àwọn èdè tí wọ́n ń tẹ̀, àmì kékeré kan tí wọ́n gbàgbé lè mú kí gbogbo iṣẹ́ kọ̀, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án á sì fi odindi ìdánilẹ́kọ̀ọ́ wá ibi tó ti ṣì í tẹ̀. Scratch mú irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀ kúrò. Àṣìṣe tó kù ni ti ìrònú, òun náà sì ni olùkọ́ ń wá.

Onígun mẹ́ta ni àpẹẹrẹ tó dára jù. Kí ọmọ tó débẹ̀, á kọ́kọ́ ya onígun mẹ́rin: á sọ bírò kalẹ̀, á ní kí ìjàpá rin ọgọ́rùn-ún ìṣísẹ̀, kó yí ní 90 dígírì, kó ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹrin. Ìyẹn rọrùn. Olùkọ́ á wá ní kí wọ́n ya onígun mẹ́ta tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ dọ́gba. Wọ́n ti kọ́ wọn nínú ìṣirò pé 60 dígírì ni igun rẹ̀ kọ̀ọ̀kan, torí náà ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo wọn ló máa fi 60 sí i, lẹ́ẹ̀mẹta. Ìjàpá á rìn, á yí, á rìn, á yí, á rìn, á sì dúró láìdé ibi tó ti gbéra. Ohun tó yà dà bí abọ́ tí wọ́n dojú rẹ̀ dé.

Kò sẹ́ni tó fi igi pupa sí i, kò sẹ́ni tó pariwo mọ́ ọmọ náà. Àwòrán yẹn ló ń sọ fún un pé ó kù díẹ̀. Olùkọ́ tó bá mọṣẹ́ kò ní dá a lóhùn níbi tó dé yìí. Á ní kó dìde, á fi ṣọ́ọ̀kì ya onígun mẹ́ta sílẹ̀, á ní kó rìn ín. Bó bá dé igun àkọ́kọ́, ara rẹ̀ ni yóò sọ fún un pé yíyí náà pọ̀ ju bí òun ṣe rò lọ, nítorí pé igun inú ni 60, àmọ́ ìta ni ẹni tó ń rìn ti ń yí, ìyẹn sì jẹ́ 120. Ẹni tó bá rìn yí ohunkóhun po tó tún kọjú síbi tó kọjú sí tẹ́lẹ̀ ti yí ní 360 dígírì. Pín in sí mẹ́ta, 120 ni. Pín in sí márùn-ún, 72 ni. 60 tí ọmọ fi sí i lákọ̀ọ́kọ́ kò sì ṣòfò: bó bá sọ ẹ̀ẹ̀mẹta di ẹ̀ẹ̀mẹfà, onígun mẹ́fà gúnmọ́ ni ìjàpá yóò yà. Àwọn ọmọ kan á rí èyí fúnra wọn, ariwo á sì sọ.

Nínú ìtàn sísọ, ọ̀rọ̀ á tún gba ibòmíì yọ. Ká ní Ìjàpá àti Ajá fẹ́ lọ jí iṣu lóko olóko. Ọmọ á to ọ̀rọ̀ Ìjàpá sábẹ́ àsíá aláwọ̀ ewé tó máa ń mú eré bẹ̀rẹ̀, á to ti Ajá náà sábẹ́ àsíá yẹn, á tẹ̀ ẹ́, àwọn méjèèjì á sì máa sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà bí obìnrin ọjà tó ń jà. Ọ̀nà àbáyọ tí wọ́n máa ń kọ́kọ́ rí ni pé kí Ajá dúró fún ìṣẹ́jú-àáyá méjì. Ó ń ṣiṣẹ́ títí di ìgbà tí wọ́n bá fi gbólóhùn kan kún ọ̀rọ̀ Ìjàpá, nígbà náà ni gbogbo rẹ̀ á dàrú, wọ́n á tún máa ka àáyá lẹ́ẹ̀kan sí i.

Ibẹ̀ ni búlọ́ọ̀kù tí wọ́n ń pè ní broadcast ti wúlò. Akéde ìlú ni: ó lu agogo, ó kéde ọ̀rọ̀, ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn á dìde. Bí Ìjàpá bá parí ọ̀rọ̀, á kéde “ó kan Ajá”. Ajá tó ti ń dúró de ìkéde yẹn á bẹ̀rẹ̀. Bí wọ́n bá fẹ́ ègbè orin àlọ́, ìkéde kan ṣoṣo tó láti mú kí ẹranko mẹ́fà dáhùn pọ̀. Àwọn àgbà tó ń ṣe ètò kọ̀ǹpútà fún iṣẹ́ ń lo ọgbọ́n kan náà, ṣùgbọ́n kò pọn dandan kí ọmọ mọ̀ bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ lò ó.

Fún olùkọ́ èdè Yorùbá, ohun kan wà nínú Scratch tí ọ̀pọ̀ kì í kà sí. Apá orin wà tí wọ́n lè fi kún un, tí ohùn kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà. Bí 60 bá jẹ́ dò, 62 á jẹ́ re, 64 á sì jẹ́ mí. Pẹ̀lú mẹ́ta péré yìí, ọmọ lè lu orúkọ ara rẹ̀. Adéọlá á di 62, 64, 62, 64. Ìjàpá fúnra rẹ̀ á di 60, 60, 64. Lára ọkọ, ọkọ́ àti ọkọ̀, tí lẹ́tà wọn dọ́gba, ọkọ á di 62 àti 62, ọkọ́ á di 62 àti 64, ọkọ̀ á di 62 àti 60, ọmọ tó ti ń fi àmì ohùn sílẹ̀ nínú ìwé rẹ̀ á sì gbọ́ ohun tó ń fi sílẹ̀. Kì í ṣe dùndún o. Dùndún lè fa ohùn láti ìsàlẹ̀ lọ sókè, nọ́ńbà wọ̀nyí kàn ń fò láti orí ọ̀kan bọ́ sórí ìkejì ni. Ó tó fún ẹ̀kọ́ àmì ohùn ṣá.

Ti ẹ̀rọ kò le púpọ̀. Wọ́n lè gbé Scratch sórí kọ̀ǹpútà lẹ́ẹ̀kan, lẹ́yìn náà kò nílò íntánẹ́ẹ̀tì mọ́, fúláàṣì sì tó láti kó iṣẹ́ láti orí ẹ̀rọ kan sí òmíì. Ó ń ṣiṣẹ́ lórí tábúlẹ́ẹ̀tì Android. Fóònù kò ṣe é fi to búlọ́ọ̀kù. Fún ọmọ ọdún márùn-ún sí méje, ScratchJr wà, èyí tó jáde ní 2014: àwòrán ló wà lára búlọ́ọ̀kù rẹ̀, kò sí ọ̀rọ̀, kí ọmọ tí kò tíì mọ̀wé kà lè lò ó. Bí ẹ̀rọ kò bá kárí, ọmọ méjì-méjì ló dára lórí ọ̀kan, ọ̀kan di máòsì mú, ìkejì ń sọ ohun tó kàn, kí wọ́n sì máa pààrọ̀. Kí wọ́n máa tọ́jú iṣẹ́ lóòrèkóòrè pẹ̀lú, nítorí iná tó bá lọ kì í dágbére fún ẹnikẹ́ni.

Ohun tó máa ń ba nǹkan jẹ́ jù ni kí olùkọ́ máa to búlọ́ọ̀kù níwájú, kí àwọn ọmọ máa wò ó. Tẹlifíṣọ̀n nìyẹn. Ìkejì ni máàkì. Ọmọ méjì lè ya onígun mẹ́rin tí kò yàtọ̀ síra rárá lórí ìtàgé, kó jẹ́ pé ọ̀kan to àṣẹ mẹ́jọ lé ara wọn, ìkejì sì to méjì péré sínú búlọ́ọ̀kù tó ń sọ pé kí ìjàpá ṣe é lẹ́ẹ̀mẹrin. Olùkọ́ tó bá wo ìtàgé nìkan á fún wọn ní máàkì kan náà. Kó ní kí wọ́n sọ ọ́ di onígun márùn-ún lójú òun. Ọ̀kan á yí nọ́ńbà méjì padà, á gbé ọwọ́ kúrò. Ìkejì á ṣì máa wá èyí tó yẹ kóun yí láàárín àṣẹ mẹ́jọ.