Kí ni ríìlì, báwo sì ni ríìlì mẹ́fà ṣe yí eré apanilẹ́rìn-ín padà?

Bí ẹ bá ń kà nípa sinimá àtijọ́, ẹ ó rí i pé ríìlì ni wọ́n fi ń ka gígùn fíìmù, kì í ṣe ìṣẹ́jú. Ríìlì ni agbá roboto tí wọ́n ń ká fíìmù mọ́. Ọ̀kan máa ń gba nǹkan bí 1,000 ẹsẹ̀ bàtà, ìyẹn bí 300 mítà. Ọwọ́ ni wọ́n sábà ń fi yí ẹ̀rọ nígbà náà, nítorí náà iye ìṣẹ́jú kì í dọ́gba, àmọ́ ẹ fi mẹ́wàá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sọ́kàn. Tí fíìmù bá ti tó ríìlì mẹ́rin tàbí márùn-ún, fíìmù gígùn nìyẹn.

Ní Amẹ́ríkà, ríìlì kan tàbí méjì ni eré apanilẹ́rìn-ín máa ń jẹ́. Ilé iṣẹ́ Keystone, tí Mack Sennett bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1912, ló mọ̀ ọ́n ṣe jù: ẹnì kan á gbá ẹnì kejì létí, àwọn ọlọ́pàá á tú jáde, gbogbo wọn á sáré títí wọn ó fi já sómi, ó parí. Ìtàn ogun, ìtàn Róòmù àtijọ́ àti eré tó ń fa omijé lójú ni wọ́n ń fi fíìmù gígùn ṣe. Ta ló fẹ́ rẹ́rìn-ín fún odindi wákàtí kan?

Sennett dá a láṣà. Ní òpin ọdún 1914 ló gbé Tillie's Punctured Romance jáde, ríìlì mẹ́fà, èyí tí àwọn òpìtàn sinimá sábà ń kà sí àkọ́kọ́ irú rẹ̀. Marie Dressler, obìnrin sìgbọnlẹ̀ tí òkìkí rẹ̀ ti kàn lórí ìtàgé New York, ló gbé e ró. Eré ìtàgé tirẹ̀ gan-an ni wọ́n ti mú ìtàn náà. Òun ni Tillie, ọmọ àgbẹ̀ tí gbájú-ẹ̀ ará ìlú kan tàn pé kó jí owó bàbá rẹ̀ kí àwọn jọ sá lọ. Charlie Chaplin ni gbájú-ẹ̀ náà, Mabel Normand sì ni ọ̀rẹ́bìnrin tó ní nílùú tẹ́lẹ̀.

Owó ló di ìtàn náà mú, ibẹ̀ ló sì wù mí jù. Owó dé ọwọ́ ọ̀kùnrin náà, ó já Tillie sílẹ̀. Ó gbọ́ pé arákùnrin bàbá Tillie tó jẹ́ olówó kú sórí òkè, pé Tillie ló máa jogún, ó sáré padà lọ fẹ́ ẹ. Àfi bí ẹni tí wọ́n ní ó kú ṣe wọlé láàyè! Apá ìparí yìí ni ìbọn ti dún, tí àwọn ọlọ́pàá Keystone tú jáde, tí eré sísá bẹ̀rẹ̀. Ohun tó jẹ́ odindi eré nínú ríìlì kan ti wá di òpin ìtàn níbí, àwọn òǹwòran sì ti mọ ìdí tí oníkálukú fi ń sá. Lẹ́yìn gbogbo rẹ̀, àwọn obìnrin méjèèjì kọ ọ̀kùnrin náà sílẹ̀, wọ́n sì dì mọ́ ara wọn.

Nígbà tí òkìkí Chaplin kàn tán, wọ́n tún fíìmù náà gbé jáde bíi pé tirẹ̀ ni. Ìyẹn kò tọ́ sí Dressler rárá. Àmọ́ Chaplin náà kọ́ nǹkan kan níbẹ̀: The Kid, fíìmù gígùn àkọ́kọ́ tí òun fúnra rẹ̀ darí, jáde ní 1921, ríìlì mẹ́fà ni òun náà.